Àpótí líle tàbí àpò rírọ̀: èwo ni kí n yàn fún V-Strom 650, irú kárià wo ni yóò sì gbé e?

Ará Àpẹtẹ̀ béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gun alùpùpù ní Ìbàdàn, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo sì fẹ́ gbọ́ ohùn yín kí n tó náwó sí ohun tí n kò ní lè dá padà fún ẹni tó tà á.

Láti ìgbà tí Kunle Adeyanju ti gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó lọ́dún 2022, tó sì fi ọjọ́ 41 rin ìrìn náà, ni ọkàn mi ti ń fà sí ọ̀nà jíjìn. N kò ní dé aṣálẹ̀ ní tèmi. Òkè-Ògùn ni mo fẹ́ yí ká fún ọjọ́ 9 nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú ilẹ̀ gbẹ: n ó gba Mọniyà lọ sí Ìsẹ́yìn, n ó ti ibẹ̀ dé Ṣakí, n ó gba Ìgbòho àti Kíṣí bọ́ sí Ìgbẹ́tì, kí n tó gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ padà sílé. Èmi nìkan ni mo ń lọ. Ọ̀dà wà lójú ọ̀nà náà ní ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ máa yà sí àwọn abúlé tó jẹ́ pé ilẹ̀ pupa àti iyanrìn ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà. Suzuki V-Strom 650 ni alùpùpù mi, tòkunbọ̀ ni mo rà á, kò sì sí kárià kankan lára rẹ̀ yàtọ̀ sí irin kékeré tó wà lẹ́yìn síìtì.

Ohun tó jẹ́ kí n máa bẹ̀rù ni ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí mo lọ wo adágún Ìyákẹ́ lórí òkè ní Adó-Àwáyè. Àpò kan ṣoṣo ni mo gbé, okùn rọ́bà oníkọ́ méjì ni mo sì fi dè é mọ́ ẹ̀yìn síìtì. Kò pẹ́ tí mo kúrò lójú ọ̀dà tí kọ́ kan fi yọ, tí àpò náà sì rọra fì sí apá ọ̀tún láìjẹ́ pé mo mọ̀. Òórùn ọ̀rá tó ń jóná ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ìdí àpò náà ti lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ńsà bí ẹ̀kọ tó jó mọ́ ìkòkò, ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ ti wà lára rẹ̀, ẹ̀wù méjì sì ti jóná létí. Kọ́ tó yọ náà ń fì dirodiro, àlàfo tó wà láàárín òun àti ṣéènì kò ju ìka mẹ́rin lọ. Bí ó bá wọ inú ṣéènì yẹn nígbà tí mo ń sáré, bóyá ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ ìtàn yìí fún yín.

Ẹnìkan fẹ́ ta àpótí alumíníọ̀mù méjì fún mi báyìí, ọ̀kan gba lítà 45, èkejì gba lítà 37. Kárià wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ kì í ṣe ti V-Strom. Ó ní a lè tẹ̀ ẹ́ kó bá a mu. Owó tó ń pè tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí mo fi ra alùpùpù fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má dá a lóhùn, pé àpò ni kí n rà. Ẹlòmíràn ní kí n gbé alùpùpù lọ bá àwọn jórinjórin ní Agodi Gate kí wọ́n ṣe kárià fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn jìnnà, kí ni ẹ rí sí i?

Àgbà Mọ́kọ́lá dáhùn pé:

Àbúrò mi, mo dúpẹ́ pé kọ́ yẹn kò wọ ṣéènì. Kó gbogbo okùn rọ́bà oníkọ́ tó wà nílé rẹ pamọ́, kí o má sì fi wọ́n de ẹrù sórí alùpùpù mọ́ láéláé. Yàtọ̀ sí ṣéènì àti táyà, mo ti rí èyí tó já lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á tí kọ́ rẹ̀ sì bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú.

Kí o tó ronú nípa àpótí tàbí àpò, wá òṣùwọ̀n kan. Tẹ́ ẹní sílẹ̀, kó gbogbo ohun tí o fẹ́ gbé lọ sórí rẹ̀, kí o wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ iye wọn sílẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àṣìṣe tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n á kọ́kọ́ ra àpótí ńlá, wọ́n á wá máa wá ohun tí wọ́n á fi kún un, nítorí pé àyè tó ṣófo máa ń dun ènìyàn. Ìwé tó bá alùpùpù rẹ wá sọ iye kílò tó lè gbé lápapọ̀, ìwọ fúnra rẹ pẹ̀lú akoto, bàtà àti ẹ̀wù ìgun-alùpùpù rẹ sì wà nínú iye náà. Yọ ìwọ̀n tìrẹ kúrò, ohun tó bá ṣẹ́kù ni ti ẹrù. Àpótí alumíníọ̀mù tó gba lítà 37 sábà máa ń wọn kílò 4 sí 6 ní òfìfo. Bí o bá fi méjì rẹ̀ kún kárià irin tí òun náà tó kílò 5, o ti gbé nǹkan bí kílò 15 kí o tó fi ẹ̀wù kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Àpò rírọ̀ kì í sábà ju ìdajì ìyẹn lọ. Omi lítà kan jẹ́ kílò kan gééré. Epo bẹntiróòlù fúyẹ́ jù ú lọ díẹ̀, nǹkan bí gíráàmù 740 ni lítà kan rẹ̀.

Ibi tí ẹrù wà ṣe pàtàkì ju bí ó ti wúwo tó lọ. Ẹni tó gbé korobá omi mọ́ àyà lè rìn jìnnà. Kí ó na ọwọ́ jáde kó tó gbé korobá kan náà, kò ní rìn ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹrù tí a kó sí ìdí alùpùpù, lẹ́yìn táyà, ṣe ń fa férémù. Á tún máa gbé iwájú alùpùpù sókè, nígbà tí o bá sì ń sáré, ọwọ́ alùpùpù yóò fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ, yóò máa gbọ̀n. Ohun tó wúwo, bíi irinṣẹ́ àti omi, gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kí ó sì súnmọ́ ibi tí o jókòó sí. Ẹ̀wù àti ohun ìsùn ló lè lọ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn àpótí ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń gbé ka orí kárià lẹ́yìn síìtì. Ilé-iṣẹ́ Givi ti Ítálì, tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, fi kílò 10 ṣe òpin ohun tí ènìyàn lè kó sínú ọ̀pọ̀ àpótí ẹ̀yìn ńlá wọn, wọ́n sì ní kí ẹni tó gbé e má sáré ju kìlómítà 120 ní wákàtí kan lọ. Àwọn tí mo ń rí ní Ìbàdàn kì í ka ìyẹn. Wọ́n á kó kẹ́ẹ̀gì omi, jáàkì àti irinṣẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n á wá máa bú ẹni tó bá wọn ṣe kárià nígbà tó bá ṣẹ́.

Nísinsìnyí, àpótí líle ńkọ́? Fún ọ̀nà tí o dárúkọ, mi ò ní gbé e, nítorí ẹsẹ̀ ni. Nínú iyanrìn, bí alùpùpù bá fẹ́ ṣubú, ẹsẹ̀ ni ènìyàn máa ń tètè fi kanlẹ̀. Bí alùpùpù bá sì ń lọ síwájú síbẹ̀, ẹsẹ̀ yóò dúró lójú kan, àpótí ni yóò wá bá a láti ẹ̀yìn, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi nìyẹn lójú ọ̀nà abúlé kan kọjá Ìgbòho. Kò sáré rárá; ọmọdé lè máa rìn tẹ̀lé e. Ó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, etí àpótí alumíníọ̀mù sì gun ojúgun rẹ̀ láti ẹ̀yìn, egungun náà ṣẹ́. A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akóṣu dé ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ náà, àpò rírọ̀ ni mo ń lò.

Àpò rírọ̀ náà pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan nílò kárià lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi àwọn tí ilé-iṣẹ́ Kriega ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Mosko Moto ní Amẹ́ríkà ń ṣe. Àwọn kan kò nílò kárià rárá: wọ́n tẹ̀ bí irin tí wọ́n ń kàn mọ́ pátákò ẹṣin, a ó gbé wọn dábùú ẹ̀yìn síìtì kí apá méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, a ó sì fi bẹ́líìtì fà wọ́n mọ́ ibi ìtẹ̀sẹ̀ èrò ẹ̀yìn. Giant Loop, tí òun náà wà ní Amẹ́ríkà, ló sọ irú èyí di olókìkí. Èyí tí kò nílò kárià fúyẹ́ jù, àmọ́ lára alùpùpù rẹ, tí sàlẹ́ńsà wà ní apá ọ̀tún, o kò gbọ́dọ̀ lò ó láìsí ohun tí yóò dá ooru dúró. O ti mọ ìdí rẹ̀ ju èmi lọ.

Bí o bá ti gbé e, fà á títí kò fi ní mì mọ́. Ẹrù orí alùpùpù gbọ́dọ̀ rí bí ọmọ tí a pọ̀n, tí a sì fi ọ̀já gbà á típẹ́típẹ́: bí ìyá bá yí, ọmọ á bá a yí, kò ní máa fì lẹ́yìn rẹ̀.

Oníṣẹ́ Irin Agodi dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ jórinjórin ni mò ń ṣe, mo sì ti ṣe kárià fún alùpùpù ńlá tí ó pọ̀ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra kárià alùpùpù mìíràn pẹ̀lú èrò pé ẹ ó tẹ̀ ẹ́. Ihò rẹ̀ kò ní bá ihò tiyín mu. Bí wọ́n bá fi tipátipá fà á débẹ̀, bóòtù ni yóò máa ru ìyà náà lójoojúmọ́, ibi tí wọ́n tẹ̀ náà ni yóò sì kọ́kọ́ là.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀. Kárià ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Yúróòpù, bíi Touratech ti Jámánì, páìpù mílímítà 18 ni wọ́n fi ń ṣe é, ohun ìdìmú tó wà lẹ́yìn àpótí wọn sì bá ìwọ̀n yẹn mu. Páìpù tí a sábà máa ń rí rà ní ọjà wa jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì, èyí tó jẹ́ mílímítà 19. Mílímítà kan ṣoṣo yẹn tó láti mú kí àpótí kọ̀ láti wọlé, tàbí kí ẹni tó ń ṣe é máa fi fáìlì ha páìpù títí yóò fi tín. Bí ó bá jẹ́ àpò ni ẹ fẹ́ lò, ìyàtọ̀ náà kò já mọ́ nǹkan, nítorí bẹ́líìtì ni yóò dì í mú. Èyí nìkan tó fún yín láti fara mọ́ àpò bí ẹ bá fẹ́ kí a ṣe kárià náà ní Ìbàdàn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páìpù tí wọ́n fi ń ṣe àga ṣe é fún yín. Ó mọ́ra lójú, ó sì rọrùn láti tẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ojú jíjó rẹ̀ kì í pẹ́ là. Èyí tí ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà 2 ni kí wọ́n lò. Bí páìpù náà bá ní síǹkì lára, ẹni tó ń jó o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha síǹkì náà kúrò, nítorí èéfín rẹ̀ ń fa àìsàn fún ẹni tó bá fà á símú. Nígbà tí mo bá fẹ́ tẹ páìpù, iyanrìn gbígbẹ ni mo máa ń dà kún inú rẹ̀, n ó sì dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú igi, kí ibi tí mo tẹ̀ má baà pẹlẹbẹ. Mo máa ń yan iyanrìn náà nínú agbada tẹ́lẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan lo iyanrìn tútù lẹ́ẹ̀kan láìsọ fún mi. Nígbà tí iná mú páìpù, omi inú iyanrìn di oru gbígbóná, igi ẹnu páìpù sì fò jáde bí ọta ìbọn, ó lu páànù òrùlé wa. Kò sí ẹni tó dúró sí iwájú rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Férémù V-Strom, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀ ńlá méjèèjì, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun fẹ́ jó nǹkan mọ́ ọn. Àwọn ihò tí ilé-iṣẹ́ ti lu síbẹ̀, níbi ìtẹ̀sẹ̀ èrò ẹ̀yìn àti níbi irin ẹ̀yìn síìtì, ni ká lò. Ojú mẹ́ta ni kárià gbọ́dọ̀ ti di alùpùpù mú ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, irin ìdábùú kan gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn pátákó nọ́ńbà so apá ọ̀tún mọ́ apá òsì. Irin ìdábùú yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ní ká yọ kí owó lè dín, òun gan-an ni kì í jẹ́ kí kárià máa ṣí sẹ́yìn, ṣí síwájú bí apá ẹyẹ nígbà tí ọ̀nà bá kún fún kòtò.

Orí alùpùpù ni mo ti máa ń fi iná kan àwọn ojú náà díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè dúró sí àyè wọn. Kí n tó ṣe ìyẹn, n ó tú okùn bátìrì, nítorí kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ iná jíjó. N ó wá tú u sílẹ̀, n ó jó o parí nílẹ̀, n ó sì tún gbé e padà láti wò ó, torí pé ooru máa ń fa irin. Bí ihò kan bá ti sún, ìgbà yẹn ló yẹ kí a mọ̀. Àyè tó tó àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín sàlẹ́ńsà àti kárià, kí a sì fi páànù alumíníọ̀mù bo ibẹ̀, àmọ́ kí páànù náà má fara kan àpò, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín kọjá. Nítorí sàlẹ́ńsà náà, apá ọ̀tún yóò jìnnà sí àárín díẹ̀ ju apá òsì lọ. Apá tó jìnnà yẹn ló yẹ kí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́.

Ní ti bóòtù, ẹ fi Loctite aláwọ̀ búlúù, ìyẹn àtè tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú, sí i, ẹ má lo pupa, nítorí pupa kò ní jẹ́ kí ẹ lè tú u lójú ọ̀nà láìfi iná yan án. Mo tún máa ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí bóòtù bọ́ sára kárià. Bí ẹ bá jí ní òwúrọ̀ tí ìlà náà kò bára mu mọ́, ẹ ti mọ èyí tó ń tú.

Ayàwòrán Bódìjà dáhùn pé:

Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo sì bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹni tó bá ka èyí rò pé àpótí líle kò wúlò. Iṣẹ́ yíya àwòrán ni mò ń ṣe, obìnrin ni mí, èmi nìkan ni mo sì ń gun alùpùpù mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin pẹ̀lú kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà alágbèéká. Bí mo bá dúró jẹun, n ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, n ó wọlé lọ jókòó. Ta ni ó lè fi àpò tí ọ̀bẹ kékeré lè là sílẹ̀ níta ọjà Bódìjà? Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà bá ní kí n ṣí ẹrù, mo kàn gbé ìdérí sókè ni, wọ́n á wò ó, n ó dé e. Ẹni tó ní àpò tí a ń ká ẹnu rẹ̀ yóò tú ìdè mẹ́rin, yóò kó gbogbo rẹ̀ jáde lójú òòrùn, yóò sì tún un dì. Òjò oṣù kẹsàn-án ti bá mi láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí n kò rí iwájú mi, omi kò kan kámẹ́rà mi.

Àmọ́ n ó sọ ohun tí ẹni tó ń ta àpótí náà kò ní sọ fún yín. Alumíníọ̀mù tí wọn kò kùn nínú máa ń yọ dúdú sára ohun tó bá ha á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lò ó, mo kó aṣọ funfun kan tí mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀yìn àwòrán sínú rẹ̀ láìdì í. Nígbà tí mo tú u ní Ìlọrin, ó dúdú bí ẹni pé wọ́n fi èédú ra á, kò sì lọ nígbà tí mo fọ̀ ọ́. Àpò kan gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí, kí ohunkóhun má fara ha ara rẹ̀.

Ìbú rẹ̀ ni èkejì. Ẹ gbé ìwọ̀n tẹ́ẹ̀pù, ẹ wọn alùpùpù láti etí àpótí kan dé etí èkejì, ẹ sì kọ iye náà sára táńkì títí yóò fi mọ́ yín lára. Tèmi jẹ́ sẹ̀ntímítà 98, ó fẹ̀ ju ọwọ́ alùpùpù lọ. Ojú sì máa ń tan ènìyàn: bí ọwọ́ bá ti kọjá láàárín ọkọ̀ méjì, a ó rò pé a ti kọjá tán. Ní Béẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó pàtẹ tòmátì, àpótí mi kò kọjá. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan dànù sójú títì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo san owó apẹ̀rẹ̀ náà, a sì jọ ṣa èyí tí táyà kò tíì tẹ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ojú ọ̀dà nìkan ni Ará Àpẹtẹ̀ fẹ́ gbà, n ó ní kí ó ra àpótí. Pẹ̀lú iyanrìn Òkè-Ògùn àti pé òun nìkan ló ń lọ, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tí Àgbà Mọ́kọ́lá sọ ló borí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ní ibi tí kò sí ẹlòmíràn kò ní lè gbé alùpùpù kúrò lórí ara rẹ̀.

Ará Àpẹtẹ̀ fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gan-an. Mo ṣe ohun tí Àgbà Mọ́kọ́lá ní kí n ṣe. Òṣùwọ̀n ìyàwó mi tó fi ń wọn ìyẹ̀fun ni mo lò, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹrù mi jẹ́ kílò 34. Irinṣẹ́ nìkan jẹ́ kílò 6 àti ààbọ̀, nítorí mo kó sípánà tó pọ̀ tí kò bá bóòtù kankan mu lára alùpùpù mi. Mo wá jókòó ti alùpùpù náà pẹ̀lú àwọn sípánà, mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò rí bóòtù rẹ̀ kò bá mi lọ. Mo yọ bàtà kejì, mo yọ ìkòkò ńlá, mo yọ ṣòkòtò méjì. Ó ti di kílò 23 báyìí, n kò sì tíì rí nǹkan kan tí mo máa ṣàárò rẹ̀.

Àpò ni n ó lò pẹ̀lú kárià tí a ó ṣe níbí. Mo ti dá ẹni tó fẹ́ ta àpótí lóhùn pé kí ó má bínú. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé télọ̀ tó ń rán tápólì ọkọ̀ akẹ́rù lè rán àpò náà fún mi, àbí kí n dúró de èyí tí wọ́n ń kó wọ̀lú? Ṣé kí n sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo lítà 5 lọ́wọ́?

Àgbà Mọ́kọ́lá dáhùn pé:

O ṣeun, àbúrò mi, ẹni tó bá ti yọ kílò 11 kúrò nínú ẹrù rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó dára.

Má gbé epo. Táńkì V-Strom 650 gba nǹkan bí lítà 20, alùpùpù náà kì í sì í sábà mu ju lítà 5 lọ fún kìlómítà 100. Bí o bá ń kún táńkì ní Ìsẹ́yìn, ní Ṣakí àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí o kò sì jẹ́ kí ó dín kù sí ìdajì kí o tó wá epo, kẹ́ẹ̀gì kò ní ṣe nǹkan kan fún ọ ju kí ó máa rùn sí oúnjẹ rẹ lọ. Omi ni kí o fi àyè yẹn gbé.

Télọ̀ tápólì lè rán an, òun ló rán èyí tí mò ń lò láti ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó mọ̀ pé ojú abẹ́rẹ́ ni omi ń gbà wọlé, kì í ṣe ara tápólì. Òwú ọ̀rá ni kí ó lò, kí ó ṣẹ́ ojú rírán po lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì fi tápólì onílọ́po méjì ṣe ìdí àti ẹ̀gbẹ́ tó máa kan kárià. Má jẹ́ kí ó fi síìpù sí i. Eruku ọyẹ́ á ba síìpù jẹ́ kí o tó dé Ṣakí. Kí ẹnu àpò gùn tó láti ká pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó dè é. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kó ẹrù sínú àpò ọ̀rá tó nípọn kí o tó kó o sínú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni, mi ò sì ní búra fún un níwájú òjò. Àwọn kan á sọ pé kí o lọ fi bẹ́líìtì awọ ṣe é lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ wọn dára, mo ní tìmùtìmù wọn nílé, àmọ́ awọ máa ń nà bí ó bá tutù, á sì sún kì bí ó bá gbẹ. Bẹ́líìtì ọ̀rá ni kí o lò.

Nígbà tí o bá ti di ẹrù tán, yí bọ́tìnnì tó ń mú sípíríǹgì ẹ̀yìn le sí i, ọwọ́ lásán la fi ń yí i lára alùpùpù rẹ. Wo inú ìwé fún afẹ́fẹ́ táyà nígbà tí ẹrù bá wà. Jáde ní alẹ́ kan kí o wo ibi tí iná iwájú ń tàn sí, nítorí bí ìdí bá lọ sílẹ̀, iná á máa tàn sójú àwọn tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn kí o sì padà lọ́jọ́ kan náà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé.

Oníṣẹ́ Irin Agodi dáhùn pé:

Bí télọ̀ bá ti rán àpò náà tán, ẹ gbé e wá pẹ̀lú alùpùpù, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá ní kíkún pẹ̀lú kílò 23 tí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ má gbé e wá ní òfìfo. Àpò tó ṣófo máa ń parọ́ ìbú rẹ̀ fún mi. Bí ó bá kún, n ó mọ ibi tí ikùn rẹ̀ yọ sí, n ó mọ bóyá yóò kan sàlẹ́ńsà tàbí iná tó ń fi hàn pé a fẹ́ yà, ibẹ̀ ni n ó sì jó ojú ìkọ́ bẹ́líìtì sí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ti tutù kí ẹ tó dé, kí n lè fọwọ́ kan gbogbo ibi tí mo fẹ́ wọ̀n.